Lẹ́tà ṣíṣí sí Crown Estate: ẹ̀bá òkun là ń gbé, itọ́ la fi ń bọ́jú

Sí àwọn alákòóso Crown Estate, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ òkun tó jẹ́ ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, London.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń gba lẹ́tà. Èmi náà gbọ́ ọ. Òun ni mo fi ń kọ bí àwọn arúgbó ṣe sùn sínú ìwé lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá náà ni n ó fi kọ ọ́, kí àwọn èèyàn mi ní Gravesend, ní Chatham, ní Peckham àti ní Igbókòdá lè kà á kí ẹ tó rí ògbufọ̀. Ẹni tó ń rówó san fún àwọn tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun kò ní sọ pé òun ò rówó ògbufọ̀.

Cliftonville ni mo ń gbé, lápá ìlà-oòrùn Margate, ní etíkun Kent. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Lásìkò òtútù, bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́ laago méje àárọ̀, ilẹ̀ kì í tíì mọ́. Ohun tí ojú mi máa ń kọ́kọ́ bá ni àwọn iná pupa wẹ́wẹ́ lójú òkun, tí wọ́n ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Bí ilẹ̀ bá wá ń là, àwọn òpó funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, nǹkan bíi kìlómítà 12 sí wa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni wọ́n ṣí wọn. Lọ́jọ́ náà, kò sí ọgbà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí òkun mìíràn tó tóbi tó o lágbàáyé. Mẹ́gáwáàtì (ìyẹn òṣùwọ̀n agbára iná) 300 ni agbára gbogbo wọn.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, fáànù ló ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa ṣubú ní Foreness Point, ó di ẹ̀wù mi mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pa fáànù yẹn." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ta ni "wọn" tí ọmọ mi ń wí. Ibẹ̀ ni mo ti bá yín pàdé.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìlàjẹ, Olókun ló ni ìsàlẹ̀ òkun. Lọ́dọ̀ yín, ọba ló ni ín, ẹ̀yin lẹ sì ń bójú tó o. Láti etí omi títí dé máìlì òkun 12, tiyín ni. Òfin agbára iná ti ọdún 2004 tún fún yín lẹ́tọ̀ọ́ lórí afẹ́fẹ́ tó wà níwájú sí i. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé kì í ṣe ọba fúnra rẹ̀ ló ń gba háyà o. Láti ọdún 1760 tí Ọba George Kẹta ti jọ̀wọ́ owó ilẹ̀ rẹ̀ fún ìjọba, àpò ìjọba ni èrè yín ń wọ̀. Ìjọba wá ń fi èrè náà ṣírò iye tí wọ́n máa fún ààfin. Ìdá 25 nínú 100 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, torí àtúnṣe Buckingham Palace. Nígbà tí owó afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, wọ́n gé e sí 12. Síbẹ̀, owó ààfin gòkè láti £86.3 mílíọ̀nù sí £132.1 mílíọ̀nù lọ́dún ìnáwó 2025 sí 2026. Wọ́n gé ìpín, owó tún pọ̀ sí i! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ èrè £442.6 mílíọ̀nù lọ́dún 2022 sí 2023 lẹ jẹ £1.1 bílíọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. N kò bá ọba jà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi èlé owó afẹ́fẹ́ ṣe ohun tó máa ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Ẹ̀yin ni mo ní í bá sọ̀rọ̀.

Báwo ni owó yín ṣe wú tó báyẹn? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ajah tàbí ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún un. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ onílẹ̀ ṣàlàyé. O ra ilẹ̀, o sanwó. O fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n dé, owó ìpìlẹ̀. O fẹ́ ṣe dẹ́kíńgì, wọ́n tún dé. O fẹ́ kan òrùlé, wọ́n ti jókòó sórí bíríkì dè ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ẹ lu ìsàlẹ̀ òkun ní gbàǹjo, ẹ pè é ní ìpín kẹrin. Ibi mẹ́fà ni, tó lè gba bíi mẹ́gáwáàtì 8,000. Ẹ ò bèèrè ẹni tó máa tètè kọ́ ọ, ẹ ò bèèrè ẹni tó máa gba ọmọ etíkun síṣẹ́. Ẹni tó bá ti kún ojú òṣùwọ̀n, owó ló kù tí ẹ fi ń yàn. Owó tí ẹ ń pè ní option fee ni, èyí tí iléeṣẹ́ máa ń san lọ́dọọdún kí ẹ má bàa fi ibẹ̀ fún ẹlòmíràn, títí dìgbà tí ìjọba bá fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ́lé sínú omi. Ẹni tó san owó tó kéré jù san £76,203 lórí mẹ́gáwáàtì kan lọ́dún. Àwọn tó gba ibi méjì nínú Òkun Ireland san £154,000. Mẹ́gáwáàtì 1,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ibi méjèèjì: ìyẹn £231 mílíọ̀nù lọ́dún lórí ibì kan, wọn ò sì tíì ri irin kan mọ́lẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ £879 mílíọ̀nù lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Ìkòròdú gbọ́ ọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

Ta ló máa san án? Ìyálójà tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì káńsù láàárọ̀, orí tòmátì ló máa gbé e lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá san tiyín tán, wọ́n á lọ síbi gbàǹjo kejì, ti ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè iye tí ìjọba máa fi dá wọn lójú lórí iná tí wọ́n bá mú jáde. Ọdún 15 ni àdéhùn yẹn máa ń jẹ́, wọ́n ti wá sọ ọ́ di 20. Tí owó ọjà bá wálẹ̀ ju iye yẹn lọ, àwa tí a ń san owó iná la ó dí i. Tó bá gòkè jù ú lọ, iléeṣẹ́ á dá èlé padà. Ètò yẹn dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀yin gbà ti wà nínú iye tí wọ́n máa bèèrè. Bí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ mítà mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí mo na £10 sí ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà, tí ẹ̀rọ náà dún "pín", nínú owó yúníìtì kọ̀ọ̀kan ni irú owó bẹ́ẹ̀ ń fara pamọ́ sí. Ti standing charge, owó dandan ojoojúmọ́, tún lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tí mo lọ kí àbúrò mi ní Manchester, tí ẹnikẹ́ni ò tan gílóòbù nílé mi, mítà ń jẹ owó bíi kòkòrò.

Ìjọba ń dín owó iléeṣẹ́ kù lójú ọ̀nà kejì, ẹ̀yin ń gba tiyín lẹ́nu ọ̀nà. Níbi gbàǹjo ìjọba tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bèèrè ju £44 lọ lórí mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan (iná tí mẹ́gáwáàtì kan bá mú jáde ní wákàtí kan) ti afẹ́fẹ́ òkun, ní iye owó ọdún 2012. Irin ti gbówó lórí, èlé báńkì ti gòkè. Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo kò yọjú. Lọ́dún kejì, wọ́n gbé e sí £73, ọjà padà kún. Ẹ sì wo àwọn tó ń ṣe bí ẹ ti ṣe. Ní ọdún 2023, Jámánì ta mẹ́gáwáàtì 7,000 fún BP àti TotalEnergies ní Yúrò bílíọ̀nù 12.6, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n tún pàtẹ ibi mìíràn, ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Denmark, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sínú òkun ní ọdún 1991, pàtẹ mẹ́gáwáàtì 3,000 lópin ọdún 2024, kí iléeṣẹ́ wá sanwó kí ìjọba má san kọ́bọ̀. Ọjà kò rí oníbàárà. Wọ́n padà sílé lọ tún òfin náà ṣe.

Kí n má bàa ṣe aláìmoore, ẹ̀yin náà ti rí i. Nígbà tí ẹ ṣe ìpín karùn-ún nínú Òkun Celtic ní ọdún 2025, fún àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó, £350 ni owó tí ẹ gbà lórí mẹ́gáwáàtì kan lọ́dún. £350! Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé òǹtẹ̀wé gbàgbé òdo ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń léfòó gbówó lórí ju èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe fún èbúté àti fún iṣẹ́ ọ̀dọ́. Mo kí yín kú orí ire. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yan ìlérí tó ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀yin kọ ohun tó kan etíkun sínú ìwé líìsì, kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú.

Èyí ni ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí òfin kankan nílẹ̀ England tó sọ iye tó yẹ kó kan ìlú etíkun tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà níwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni, òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn oníṣẹ́ afẹ́fẹ́ fúnra wọn fọwọ́ sí: £5,000 lórí mẹ́gáwáàtì kan lọ́dún, fún àwọn ará àdúgbò. Tó bá jẹ́ òpó wáyà ńlá tuntun ni, ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba ṣèlérí pé ilé tó bá wà láàárín mítà 500 sí i máa rí tó £250 gbà lórí owó iná lọ́dún, fún ọdún mẹ́wàá. Orí òkun ńkọ́? Ohun tó bá wu iléeṣẹ́ lọ́kàn ni. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́; tí inú wọn bá dùn, wọ́n á kun yàrá ìpàdé, wọ́n á ra bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí a bá fi òṣùwọ̀n orí ilẹ̀ wọn fáànù ọmọ mi, £1.5 mílíọ̀nù lọ́dún ni. Tí a bá fi wọn gbogbo ìpín kẹrin yín, £40 mílíọ̀nù. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú ogún owó tí ẹ gbà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé tí ẹ bá fún etíkun ní tirẹ̀, owó iná máa gòkè. Owó ti wà nílẹ̀. Àní lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ń yí, ẹ ṣì máa ń gba háyà bíi 2 nínú 100 lórí ohun tí iléeṣẹ́ bá pa.

Ẹ ò sì ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn. Scotland ti ya tiwọn kúrò lára tiyín láti ọdún 2017. Èrè tí wọ́n bá rí lórí òkun láàárín máìlì 12, wọ́n máa ń pín in fún àwọn káńsù etíkun. Ọgbà afẹ́fẹ́ tiwa kò kọjá máìlì òkun méje sí ilẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni Margate wà, háyà rẹ̀ ì bá kan káńsù wa. Nígbà tí àwọn náà pín òkun ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n fi òrùlé lé owó: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ san ju £100,000 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń san án. Ibi tó lè gba mẹ́gáwáàtì 25,000 ni wọ́n fi sílẹ̀, owó tó wọlé kò sì tó £700 mílíọ̀nù. Àwọn kan bú wọn pé wọ́n tà á lọ́pọ̀. Èmi ò bá wọn bú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí. Àpẹẹrẹ kejì wà ní Nàìjíríà.

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sẹ́nu òkun ní ọdún 1947. Yàrá tí wọ́n bí mi sí kò sí mọ́. Òkun ti jẹ ẹ́, ó jẹ ojúlé tó tẹ̀ lé e, ó ń bọ̀. Epo rọ̀bì wà nínú òkun wa, nítorí náà, ọ̀rọ̀ "ta ló ni ín" kì í ṣe tuntun sí wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ibi tí omi bá fà sẹ́yìn dé ni ìpínlẹ̀ etíkun parí sí, pé ohun tó wà nínú òkun, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ariwo sọ. Ní ọdún 2004, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n ka epo tó wà títí dé ibi tí omi jìn ní mítà 200 mọ́ ìpínlẹ̀ etíkun, nígbà tí wọ́n bá ń pín ìdá 13 nínú 100 owó epo tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí epo ti jáde. Ní ọdún 2021, òfin epo rọ̀bì tuntun pa á láṣẹ pé kí iléeṣẹ́ epo máa ya ìdá 3 nínú 100 owó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Bó bá jẹ́ inú òkun ni wọ́n ti ń wa epo, ìlú etíkun ni òfin kà sí onílé. Ìdá 10 ni àwọn èèyàn wa bèèrè, 3 ni wọ́n fún wọn, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin. Nàìjíríà kọ ọ́ sínú òfin. Ẹ̀yin ò tíì kọ ọ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé owó yẹn máa ń dé ọwọ́ tó yẹ. Mo mọ ìlú kan tí wọ́n fi ń du ipò alága ìgbìmọ̀ títí omi fi wọ kíláàsì àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹ kó gbogbo owó lé káńsù lọ́wọ́. Ẹ wo Middelgrunden, níwájú Copenhagen. Ogún ẹ̀rọ ni wọ́n rì síbẹ̀ ní ọdún 2000, mẹ́gáwáàtì 40. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti kọ́pọ́rétífù: ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn lọ tó dáwó jọ, oníṣọ́ọ̀bù, tíṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Kọ́pọ́rétífù! Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá kankan kì í bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ni màmá mi fi ra ẹ̀rọ ìlọta, òun ni wọ́n fi rán mi nílé-ìwé. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú líìsì pé kí iléeṣẹ́ fi ìpín kékeré kan sílẹ̀ kí àwọn tó ń gbé etíkun lè rà á, £50, £100, ẹ ó rí i pé àwọn tó ń ta ko wáyà á dín ariwo kù.

Ẹ sì mọ̀ pé ariwo wà. Pegwell Bay, níbi tí àwọn ẹyẹ òkun ti ń jẹ̀, ni wáyà àwọn fáànù wa gbà wọ ilẹ̀ lọ sí Richborough. Wáyà tó so wá mọ́ Belgium náà gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n tún fẹ́ mú òmíràn wá láti Suffolk, tí wọ́n ń pè ní Sea Link. Àwọn aládùúgbò mi tó lẹ pátákó mọ́ ojú fèrèsé kì í ṣe ọ̀tá afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi pé gbogbo nǹkan ló ń gba ẹnu ọ̀nà àwọn kọjá, kò sí èyí tó ń yà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn. Òfin yín ti ọdún 1961 ní kí ẹ gba iye tó dára jù lọ tí ẹ lè rí lórí ohunkóhun tí ẹ bá tà tàbí tí ẹ bá fi háyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fẹ́ gba ẹ̀tọ́ láti yáwó, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ lọ, wọ́n sì tún òfin náà ṣe fún yín ní ọdún 2025. Ojú ọ̀nà yẹn kò tíì hu koríko. Ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ̀ràn ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, bóyá kí wọ́n sọ owó àdúgbò di dandan. Ẹ dìde, ẹ sọ pé ẹ fara mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n ka ti òkun mọ́ ọn. Kí ìpín tí ẹ ń múra rẹ̀ sílẹ̀ yìí tó jáde, ẹ kọ tiwa sí i: apá kan lára háyà fún etíkun bí ti Scotland, àti ìpín tí kọ́pọ́rétífù lè rà.

Bàbá kan wà ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Apẹja ni wọ́n ní Ramsgate fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn kí n fa àga wọn súnmọ́ fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á máa ka àwọn iná pupa. Bí kùrukùrù bá bo díẹ̀ nínú wọn, wọ́n á ní ó dín mélòó kan, bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n na ìka sí èyí tó wà ní igun, wọ́n bi mí pé, "Ìyẹn, èló ló ń san fún wa?" Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n n ó bá wọn bèèrè.

Mo ti bèèrè o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fèsì, n ó kà á fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìlàjẹ kan ní Cliftonville